Ẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ láwùjọ: bí ẹ ṣe máa lé e lọ díẹ̀díẹ̀

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹnu wọn nílé, ẹ máa rò pé wọ́n lè ṣe MC fún ààrẹ, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà gbé máìkì fún wọn lóde, itọ́ á gbẹ lẹ́nu, orúnkún á máa gbọ̀n, gbogbo ọ̀rọ̀ á pòórá. Níbi ìsọmọlórúkọ lẹ ti máa rí wọn dáadáa. Tí wọ́n bá ti ń gbé oyin àti iyọ̀ kiri pé kí kálukú wá ṣàdúrà fọ́mọ, wọ́n á rántí pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, ó di ìgbà tí ìrẹsì bá jáde kẹ́ ẹ tó tún fojú kàn wọ́n.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìyẹn, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ mọ́kàn le kẹ́ ẹ fò sórí sítéèjì, ìmọ̀ràn tó ń dá kún ẹ̀rù nìyẹn. Ẹni tó sì ní òun ń dúró kí ẹ̀rù tán pátápátá kóun tó lanu, á pẹ́ níbẹ̀ o, torí ìgboyà kì í ṣáájú, téèyàn bá ti ṣe nǹkan ọ̀hún ló máa ń dé.

Lọ́dún 1924, Mary Cover Jones tó ń ṣèwádìí nípa ìwà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kọ nípa ọmọ kékeré kan tí wọ́n pè ní Peter. Ehoro ló ń ba ọmọ yìí lẹ́rù, ehoro lásán o. Wọ́n á gbé oúnjẹ tọ́mọ náà fẹ́ràn síwájú ẹ̀, wọ́n á wá gbé ehoro jìnnà sí i, tó bá tún dọjọ́ mìíì wọ́n á sún un mọ́ ọn díẹ̀ sí i, títí ọmọ fi ń fọwọ́ ara ẹ̀ pa ehoro lára. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, àṣé àwọn òyìnbó náà mọ̀.

Ohun tẹ́yin náà máa ṣe nìyẹn. Ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹnu yín ti máa ń wúwo, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré jù. Ẹni tó bá wà l'Ékòó, inú danfo ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́yìn pátápátá, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ ké "Ó wà o!" kí kọ́ńdọ̀ gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ohùn wọn kì í jáde, wọ́n á kọjá bọ́sítọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á wá máa fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn torí ojú ń tì wọ́n láti pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ ná ọjà, ẹ dá iye tó kéré, kí ìyá ọlọ́jà pòṣé sí yín, kẹ́ ẹ ṣì dúró. Ẹ fi fọ́ìsì nóòtì sórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí dípò kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ní mítìn àdúgbò, gbólóhùn kan péré tó, "mo fara mọ́ ohun tí bàbá sọ". Ibẹ̀ lẹ ti máa bọ́ sórí àdúrà ìsọmọlórúkọ, kó tó wá kan máìkì.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ rè é: wọ́n máa ń sá nígbà tẹ́rù bá le jù. Tí ẹ̀rù bá bà wá, ara á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí àyà máa lù kìkì tí ọwọ́ sì ń gbọ̀n, kò sì lè wà bẹ́ẹ̀ títí, ó máa rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá sá kó tó rọlẹ̀, ara yín á gbà pé sísá yẹn ló gbà yín là, ọjọ́ mìíì á le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà ẹ dúró. Ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, títí tó fi máa sú yín, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Párága táwọn kan máa ń dà sọ́nà ọ̀fun kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, sísá náà ni, kàn jẹ́ pé ìdúró ni wọ́n wà tí wọ́n ń sá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe rí níbi àdúrà yẹn, torí èmi gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ àwùjọ tó rọrùn tó o. Ẹ kí àwọn àgbà kú ìjókòó. Ẹ gbé oyin sókè: "Oyin rè é o, oyin kì í korò, ayé ọmọ yìí ò ní korò." Gbogbo ilé á dáhùn "Àmín!", bí wọ́n ṣe ń dáhùn yẹn lẹ ń mí, tẹ́ ẹ sì ń ronú èyí tó kàn. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ há sórí látilé, torí ìbẹ̀rẹ̀ ló le. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pòwe, ẹ kọ́kọ́ sọ pé "tótó ó ṣe bí òwe o", àwọn àgbà fúnra wọn ló máa gbà yín láyè pé ẹ ó rí òmíràn pa.

Mi ò wí pé kẹ́ ẹ máa sáré kọjá títì márosẹ̀ nígbà tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lókè o, ẹ̀rù yẹn dáa. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù èèyàn ò jẹ́ kẹ́ ẹ jáde nílé rárá, tí ẹ ò rí oorun sùn, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Aro bú yín, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ibi tó ti lè máa dánra wò, ẹgbẹ́ Toastmasters tí Ralph Smedley dá sílẹ̀ ní Califóníà, ọdún 1924 kan náà yẹn, ní ẹ̀ka l'Ékòó. Wọ́n máa ń pe èèyàn dìde lójijì sórí ọ̀rọ̀ tí kò múra sílẹ̀ fún, kó sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ẹ kọ́kọ́ lọ bí àlejò ná, ẹ jókòó, ẹ wòran.