Bí Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Ń Jókòó: Ẹ̀kọ́ Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ Nínú Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀

Télọ̀ ni mí, ní Mókọ́lá, Ìbàdàn. Tí a bá ti gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí a ti ṣa àjákù aṣọ kúrò nílẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń jókòó ti pátákó dúdú kan tí mo gbé ti ògiri, a ó sì fi wákàtí kan kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. N kì í ṣe tíṣà o. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko ni mo jókòó ṣe WAEC kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà fún mi: ti àkọ́kọ́, F9, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, D7, ìgbà kẹta ni mo tó rí C6. Ohun tó ń gbé mi ṣubú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńláńlá. Àwọn wẹ́wẹ́ ni: is, do, have. Ìgbà tí mo mọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí ni ojú mi là, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ mú yín lọ.

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ ná. Egungun gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá bára mu. "Adé ra bàtà" làwa ń wí, "Ade bought shoes" ni tiwọn. Ẹni tó ṣe nǹkan ló ṣáájú, ohun tó ṣe tẹ̀ lé e, nǹkan tó ṣe é sí ló kẹ́yìn. Ẹni tó ń kọ́ èdè Japan ni kó sunkún: àwọn yẹn á ti dárúkọ bàtà kí wọ́n tó wá sọ pé ẹnìkan rà á. Tí ọmọ iṣẹ́ bá ní òun ò lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láéláé, Àjàyí Crowther ni mo máa ń fi dá a lóhùn. Ọmọ Òṣogùn ni, ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, Sàró ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì fi máa di 1843, ó ti tẹ ìwé tó ń tú ọ̀rọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì jáde.

Ibi tí ọ̀nà ti yà nìyí. Ẹ wo "rán": mò ń rán an, mo ti rán an, màá rán an, mi ò rán an, ṣé o rán an? Nínú gbogbo ẹ̀, "rán" ò mira. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó yí i ká ló ń ṣe làálàá. Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiẹ̀: I am sewing it. I have sewn it. I will sew it. I did not sew it. Did you sew it? Am, have, will àti did yìí ni mo ń pè ní ọmọ iṣẹ́. Sew ni ọ̀gá. Tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì bá ti dàrú lẹ́nu yín, ẹ wá ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ lọ. Bóyá kò wá sí ṣọ́ọ̀bù rárá, bóyá òun àti ọ̀gá ẹ̀ ni wọ́n jọ fẹ́ gbé ẹrù kan náà.

"Ń" tiwa ni am, is tàbí are, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ wọ -ing. "I sewing" kò pé, "I am sew" náà ò pé. Abẹ́rẹ́ ló wọlé tí òwú ò tẹ̀ lé e. Ẹ sì ṣọ́ra, torí "ń" ń ṣe iṣẹ́ méjì. Tí ẹnìkan bá bi mí léèrè iṣẹ́ mi, tí mo ní "mò ń rán aṣọ ọkùnrin", kò túmọ̀ sí pé máṣíìnì ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ mi báyìí. Ohun tí mo fi ń jẹun ni mo sọ. Gẹ̀ẹ́sì ìyẹn ni "I sew men's clothes", kò sí am, kò sí -ing.

"Ti" ni have, ó sì máa ń di has tó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. "Mo ti rán an", "I have sewn it". Àmọ́ bí ẹ bá ti dárúkọ àkókò tó ti lọ, have gbọ́dọ̀ yọwọ́. Yorùbá gbà kí n sọ pé "mo ti rán an lánàá", Gẹ̀ẹ́sì ò gba "I have sewn it yesterday". "I sewed it yesterday" ni wọ́n ń wí. Mo ń gbọ́ àṣìṣe yìí lẹ́nu àwọn tó kàwé jù mí lọ fíìfíì.

Tí kò bá wá sí ọ̀rọ̀ kankan níwájú ọ̀gá ńkọ́? Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já sí kòtò. "Mo lọ sọ́jà": mo ti lọ, mo ti bọ̀, ó ti parí. Ẹ gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, "I go to the market", ó di ohun tí ẹ máa ń ṣe nígbà gbogbo. Ti àná gbọ́dọ̀ jẹ́ "I went". Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí wọ́n kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ní mẹ́ta mẹ́ta: go, went, gone; sew, sewed, sewn; cut, cut, cut. Ọlọ́run ló ṣàánú wa lórí cut. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan tí a ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ló máa ń ṣe nǹkan náà, s á lẹ̀ mọ́ ọ̀gá lẹ́yìn: she sews, Ade sews.

Ìbéèrè ló ń fi agbára ọmọ iṣẹ́ hàn jù. Àwa kàn ń fi "ṣé" síwájú ni, kò sẹ́ni tó dìde lórí àga ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ á gbé ọmọ iṣẹ́ kọjá síwájú ẹni tó ń ṣe nǹkan. She is sewing. Is she sewing? They have come. Have they come? Bí kò bá sí ọmọ iṣẹ́ nílẹ̀, wọ́n á lọ yá do. You sell buttons; Do you sell buttons? Do yìí ló máa ń gba gbogbo ẹrù lọ́wọ́ ọ̀gá. Bó bá jẹ́ ti àná, òun ló ń di did; bó bá jẹ́ s ni, òun ló ń di does. Ọ̀gá á máa rìn lọ́wọ́ òfo. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kọ "Did you sewed it?" sí pátákó. Mo ní, "Tí mo bá rán ọ pé kó o gbé aṣọ lọ fún kọ́sítọ́mà, ṣé èmi náà á tún gbé aṣọ kan náà tẹ̀ lé ọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa -ed rẹ́, kò sì ṣe é mọ́. Ẹ̀yìn ọmọ iṣẹ́ yìí kan náà ni not máa ń dúró sí: did not sew, does not sew, is not sewing.

Ìdáhùn ni tèmi, ìyẹn ló dójú tì mí jù. Kí n tó kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo wá iṣẹ́ akọ̀wé lọ sí ọ́fíìsì kan. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì yẹ fáìlì mi wò títí, ó ní, "Didn't you bring your certificate?" N kò mú un wá. Ní Yorùbá, tí wọ́n bá bi mí pé "ṣé o ò mú sàtífíkéètì ẹ wá ni?", "bẹ́ẹ̀ ni" ni màá sọ, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo dáhùn pé, "Yes, sir." Ó na ọwọ́. Èmi náà ń wo ọwọ́. Ó ní kí n mú un wá nígbà náà. Mo ní, "No, sir." Ó bọ́ awò ojú ẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí n pinnu, ṣé mo mú un wá àbí n ò mú un wá. Ẹlòmíì ni wọ́n gbà. Yes àti no tiwọn kì í wo bí ìbéèrè ṣe rí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wò. Tí ẹ bá ṣe é: Yes, I did. Tí ẹ ò bá ṣe é: No, I didn't, kódà kó jẹ́ pé òótọ́ lẹni tó béèrè sọ.

Ọmọ iṣẹ́ kan tún wà tí a máa ń gbàgbé, torí èdè wa ò nílò ẹ̀. "Gáùn náà gùn": "gùn" lágbára tó láti dá dúró. Long tiwọn kò lè dá dúró, is ló gbọ́dọ̀ pọ̀n ọ́n: The gown is long. Bẹ́ẹ̀ náà ni ga, tóbi, fẹ̀, dára.

Ọ̀wọ̀ wa náà máa ń kó wa sí wàhálà. Kọ́sítọ́mà kan pe fóònù ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mi ní, "My madam, they are not around." Obìnrin náà bi í pé ọ̀gá mélòó ló ní. "Wọ́n" tiwa fún àgbà ni, Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ẹ̀. She ni mí, bó ti wù kí n dàgbà tó. Bí wọ́n bá sì ti dárúkọ mi, kò tún sáyè fún she mọ́: My madam is not around.

Tó bá kan nǹkan tí a fẹ́ ṣàpèjúwe, ẹ kà á láti ẹ̀yìn. "Bọ́tìnì pupa mẹ́fà", six red buttons, ó dà bíi pé ẹ fi dígí wò ó. Bọ́tìnì nìkan ló gba s, pupa ò gbà á. "Fi" náà ń sá sẹ́yìn: àwa máa ń dárúkọ irinṣẹ́ kí a tó dárúkọ iṣẹ́, "mo fi sísọ́ọ̀sì gé e", àwọn á gé e tán kí wọ́n tó rántí sísọ́ọ̀sì, "I cut it with scissors". "Mú téèpù wá" kàn jẹ́ "Bring the tape". Ẹ má tú "mú" lọ́tọ̀, kí ẹ tún tú "wá" lọ́tọ̀.

Bí a ṣe ń fi dánra wò kò le. Kálukú á mú gbólóhùn kan nínú iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ náà, á fi "ń", "ti", "máa", "kò" àti "ṣé" yí i, á sì sọ ọ́ sókè ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹni tó bá ṣì í ló máa fi epo sí gbogbo máṣíìnì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ti wá ń sọ ọ́ dáadáa báyìí, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan epo.

Èyí tí mo kọ sí pátákó lọ́sẹ̀ yìí rèé, ẹ bá wọn ṣe é. Kọ́sítọ́mà wọlé, ó ní, "Ṣé ẹ ò tíì rán aṣọ mi ni?" Ẹ gbé ìbéèrè náà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì dá a lóhùn. A ò tíì rán an o.