Bí mo ṣe tún ìbọn ṣakabùlà bàbá àgbà ṣe fún ògiri pálọ̀

Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń bi mí pé kí ni mo fi pa ìbọn bàbá bàbá mi tó wà lára ògiri wa ní Òmù-Àrán tó fi ń dán báyẹn, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé a fẹ́ kó yìn o. Igi àti irin ìta nìkan ni mò ń fọwọ́ kàn, torí òfin ìbọn ọdún 1959 ò yọ ṣakabùlà sílẹ̀, ẹni tó bá jókòó sílé tó ń rọ ìbọn láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Tẹ́ ẹ bá jogún ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ lọ bèèrè ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Kẹ́ ẹ tó ra sánpépà rárá, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ki ẹtù sínú ẹ̀. Ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí èèyàn ò sí, ẹ gbé orí yín kúrò níwájú ẹ̀, ẹ rọra ti ọ̀pá ìkìbọn wọlé títí tó fi kanlẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ọ̀pá níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ẹ fà á yọ, ẹ wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn lóde, kí àmì yẹn bá ẹnu ìbọn mu. Tí orí ọ̀pá bá dé ibi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, ó ṣófo. Tí kò bá débẹ̀, bóyá ó ku bí ìka mẹ́ta, nǹkan wà nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà, kẹ́ ẹ pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá gbé e. Ẹtù dúdú kì í gbó bọ̀rọ̀, ó lè ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá yín kó ṣì gbaná. Ẹ má ní kí wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì bá yín yọ ọ́, mo bẹ̀ yín.

Igi gan-an wá ni iṣẹ́. Káfíńtà kan n'Ílọrin ní kí n gbé e wá kóun fi ẹ̀rọ fá a, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mo ní rárá. Ibi tí ọwọ́ bàbá máa ń dì mú ti dúdú, ó ń dán bí awọ bàtà tó ti pẹ́, tẹ́ ẹ bá fá ìyẹn kúrò kí ló wá kù, igi lásán. Ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ tútù ni mo fi nu ibẹ̀.

Ibi tó bá tẹ̀ wọnú, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kẹ́ ẹ gbé àyọ́nù gbígbóná lé e fún ìgbà díẹ̀, ooru omi gbígbóná yẹn á mú kí igi wú padà. Ibi tó gé kò lè dìde o, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Lẹ́yìn náà, yàtọ̀ sí ibi dúdú yẹn, sánpépà nọ́ńbà 180, 220, 320 (bí nọ́ńbà ṣe ń ga ló ń kúnná), ẹ we é mọ́ igi pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé ìlà ojú igi. Àbúrò mi kan wà ní Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, lọ́hùn-ún wọ́n máa ń ta irú ìbọn yìí lẹ́yọlẹ́yọ nínú páálí kéèyàn to ó fúnra ẹ̀, òfin ìbọn wọn ti 1968 kà á sí ohun àtijọ́, òun ló kọ́ mi pé kí n má tú irin kúrò tí mo bá ń fá igi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí igi á di róbótó, àlàfo á sì yọ láàárín òun àti irin. Kẹ́ ẹ tó fi òróró sí i, ẹ fomi ra á díẹ̀, tó bá gbẹ ẹ rí i pé irun igi ti dìde, ẹ fi 320 pa á rẹ́.

Òróró wá. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, òróró ẹ̀pà ni mo fi pa á, hẹ̀n, aáyán ló bá mi jogún ẹ̀! Kì í gbẹ, òrí náà kì í gbẹ, eruku á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ lọ sílé ọ̀dà kẹ́ ẹ bèèrè boiled linseed oil. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò, ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó tún fi sí i, mo ṣe tèmi nígbà mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ọyẹ́, inú yàrá ni o, eruku ọyẹ́ wa ò láàánú. Àkísà tẹ́ ẹ fi nù ún ńkọ́? Ẹ má ká a jọ sígun, ó lè gbóná fúnra ẹ̀ kó gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja níta kó gbẹ.

Iṣẹ́ irin ò le. Kẹrosíìnì àti kànrìnkàn onírin tó rí múlọ́múlọ́ jù lọ, síta, jìnnà síná, ẹ rọra máa fọ̀ ọ́, ẹ dúró níbi tí ìpata pupa bá ti kúrò tí àwọ̀ dúdú ṣì kù, kẹ́ ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Ẹ má lo ásíìdì.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e kọ́, ẹ fi igi kékeré ya á kúrò lára ògiri bí ìka méjì, torí ògiri máa ń tutù lásìkò òjò, kó sì ga tọ́wọ́ ọmọdé ò ní tó o. Bàbá kékeré mi wá wò ó, wọn ò sọ nǹkankan, ibi dúdú yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ pa, wọ́n wá bi mí pé èló ni wọ́n ń ta òróró ọ̀hún.