Ẹ̀rọ Ìfọwọ́ Tí Ẹsẹ̀ Ń Tẹ̀

Ọwọ́ ìdọ̀tí la fi ń ṣí ẹ̀rọ omi. Ọwọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ la tún fi ń tì í. Ibẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ti wúlò, pàápàá lẹ́bàá ṣáláńgá ilé ìwé: kẹ́ẹ̀gì omi á wà lókè lórí igi, bí ẹsẹ̀ bá tẹ igi ìsàlẹ̀, okùn á fa kẹ́ẹ̀gì náà tẹ̀ síwájú, omi á sì máa sun jáde. Kò béèrè iná, kò béèrè bátìrì.

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó ní ọwọ́, igi méjì tó gùn ní mítà 2 tí orí wọn ya bí igi rọ́bà táwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, igi gbọọrọ méjì tó gùn ní mítà 1, okùn, ìṣó, ọṣẹ àti òkúta wẹ́wẹ́. (Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni yóò máa lò ó, ẹ gé igi gígùn náà sí mítà 1 àbọ̀.)

Ẹ ri igi méjèèjì tí orí wọn ya mọ́lẹ̀ ní ìdajì mítà, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 70 jìnnà síra. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 sáàárín wọn, kẹ́ ẹ da òkúta sí i, kí ibẹ̀ má baà di ẹrẹ̀.

Ihò ara kẹ́ẹ̀gì gan-an ló máa ń dààmú èèyàn. Ẹ fi ẹ̀mú di ìṣó mú, ẹ mú un sórí iná àbẹ́là títí yóò fi gbóná, kẹ́ ẹ fi dá ihò lu iwájú kẹ́ẹ̀gì, lápá ibi tí ẹnu rẹ̀ wà, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 sísàlẹ̀ ìdérí. Mìlímítà 2 ti tó. Bó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi á tètè tán. Ẹ dá òmíràn lu òkè ẹ̀yìn rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Láìsí i, omi á sun díẹ̀, á sì dá.

Ẹ ki igi gbọọrọ kan bọ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e lé ibi tí orí igi méjèèjì ti ya. Ẹ so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ so ìdí okùn náà mọ́ orí igi kejì tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀: ìdí igi yìí á wà nílẹ̀, orí rẹ̀ á ga ní sẹ̀ǹtímítà 15. Okùn tó kúrú jù á dorí kẹ́ẹ̀gì kodò ṣáá. Èyí tó gùn jù, ẹsẹ̀ á kanlẹ̀ kí kẹ́ẹ̀gì tó yí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ta kókó ìkẹyìn.

Omi ò gbọdọ̀ ga dé ihò iwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa jò tọ̀sántòru. Ẹ fi ọṣẹ sínú àpò àwọ̀n, ẹ so ó kọ́ síbi tẹ́nu ewúrẹ́ ò tó, kẹ́ ẹ fi agolo bò ó nítorí òjò. Ọwọ́ ìdọ̀tí á kan ọṣẹ o, ṣùgbọ́n omi ló máa ṣan ìyẹn lọ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa yẹ okùn wò níbi tó ti wé mọ́ igi àtẹ̀mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já.