Bí Ẹ Ṣe Máa Lo "Snap Up" Kó Tọ̀nà

Ẹ̀yin ọmọ tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, tẹ́ ẹ ń múra WAEC, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ lórí "snap up".

Bí ìyá alókíríkà bá já okùn béèlì tuntun lọ́jà Jagun, ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń ṣùrù bò ó. Ẹni tó rí bàtà gidi tówó ẹ̀ ò ga kò ní ro ó lẹ́ẹ̀mejì; á ti há a mọ́ abíyá kó tó máa wá owó nínú pọ́ọ̀sì. Ohun tí "snap up" ń sọ nìyẹn: kéèyàn yára ra nǹkan torí pé ó pọ́ọ́kú tàbí pé ó ṣọ̀wọ́n, kẹ́lòmíì má baà já a gbà. Bí ajá ṣe ń hán egungun tí wọ́n jù sí i ni. Ẹni tó ná ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú, "bought" ni kó kọ. Gàárì tẹ́ ẹ ń rà lójoojúmọ́ náà, "buy" ti tó o.

Ibi tó ti ń dà yín láàmú jù ni ipò ọ̀rọ̀. "She snapped up the shoes" dáa, "She snapped the shoes up" náà dáa. Ṣùgbọ́n tó bá ti di "it" tàbí "them", àárín nìkan ló ń gbé: "She snapped them up." Ẹni tó bá kọ "snapped up them", bíírò pupa ló ń pè. "P" méjì ló wà nínú "snapped", ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ má sì já "up" sílẹ̀. Fọ́tò ni "snap" lẹ́nu tiwa. Ẹ lọ sí LAUTECH lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe ìdánwò tán, "Ẹ bá mi snap" lẹ máa gbọ́. "I snapped the shoes" á wá dà bíi pé ẹ ya bàtà náà ní fọ́tò.

Ọjà náà lè ṣíwájú: "The mangoes were snapped up before noon." Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí kò wá ẹni tó rà á, títán tó tán ló ń sọ. Wọ́n ń lò ó féèyàn pẹ̀lú: "The club snapped up the young striker."

Ẹ wá kọ gbólóhùn mẹ́ta lórí ohun tẹ́ ẹ rí lọ́jà: ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ nǹkan tí wọ́n rà, ọ̀kan pẹ̀lú "them", ọ̀kan pẹ̀lú "were snapped up". Ẹ mú wọn wá lọ́jọ́ Ajé.