Ṣéènì òsì tó kọ̀ láti gun bèbè

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Alhaji pè mí. Wọ́n ní katapílà àwọn kò rìn dáadáa mọ́, pé àwọn ti san ìdajì owó travel motor tokunbọ̀ sílẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí agbára ọ́ìlì ń yí kí ṣéènì lè rìn, kí n wá bá àwọn so ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo béèrè ẹni tó sọ pé motor ló bàjẹ́. Mẹkáníìkì kan ni, èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì ti ní pọ́ǹpù ni. Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san ìyókù. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Hitachi EX200 àtijọ́ ni, irú katapílà tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ń fi í kó ẹrẹ̀ kúrò lójú àgbàrá nítòsí Gbódofọ́n ní Òṣogbo. Opurétọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń wà á, jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, mo sì jókòó tì wọ́n kí n tó mú ṣípánà kankan. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń ṣe é gan-an?" Wọ́n ní láàárọ̀ kùtùkùtù ó ń rìn geerege. Tó bá di bí aago mọ́kànlá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sápá òsì, bí wọ́n bá sì fẹ́ gun bèbè, ṣéènì òsì á dúró gbagidi, ti ọ̀tún nìkan ni yóò máa yí. Bó bá ń padà sẹ́yìn, kò sí wàhálà. Bí mo ṣe fẹ́ dìde ni wọ́n tún sọ pé síìlì final drive, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì motor kó má wọ inú àpótí gíà ṣéènì, ti fọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tún fọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Ọ́ìlì díẹ̀ tó ń jò nínú travel motor ní họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀ tó ń gbà padà sí táńkì, wọn kò sì ṣe ọ̀nà yẹn fún ọ́ìlì tó ní agbára. Bí nǹkan kan bá ń ti ọ́ìlì líle sínú rẹ̀, inú motor ni yóò wú sí, síìlì ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Ẹ pààrọ̀ síìlì nígbà mẹ́wàá, yóò fọ́ nígbà mẹ́wàá. Ibi tí ọ̀nà líle àti ọ̀nà ìpadà ti sún mọ́ra jù lọ ni swivel, ìdodo katapílà, tó ń gbé ọ́ìlì láti òkè tó ń yí bọ́ sí ìsàlẹ̀ tí kì í yí. Síìlì pẹlẹbẹ ló là wọ́n láàárín. Mo fura, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìfura kọ́ ni Alhaji ń san owó fún.

Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ yí ilé katapílà, apá òkè rẹ̀ tó ń yí, kó kọjú síwájú. Kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń fa ṣéènì, ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ wà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú motor ọ̀tún dípò òsì nítorí pé ilé ti yí padà, tí ọwọ́ sì ti dàrú mọ́ wọn lójú. Lẹ́yìn náà mo wo òde ara rẹ̀: òkúta kò há, róllà ń yí, ṣéènì kò le jù, ọ́ìlì táńkì pé.

Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù kò gba àkókò. Méjì ló wà nínú EX200, èyí tó ń bọ́ ṣéènì òsì náà ló ń bọ́ ìyípo ilé. A jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná, Ẹ̀gbọ́n yí ilé sọ́tùn-ún sósì, kò falẹ̀ rárá. Pọ́ǹpù tó ti rẹ̀ kò lè yí i bẹ́ẹ̀, ìrìn sẹ́yìn náà kò sì ní dára.

A tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ṣéènì òsì fi gbé sókè. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ọmọ iṣẹ́ mi sì fi fóònù ka àkókò ìyípo mẹ́ta. Ọ̀tún, ìṣẹ́jú-àáyá 28. Òsì sẹ́yìn, 29. Òsì síwájú, 33 nígbà tí ọ́ìlì ṣì tutù, 41 nígbà tó gbóná. Kò burú tó ohun tí Ẹ̀gbọ́n ń rí ní bèbè, nítorí ṣéènì tó wà lófuurufú kò ru ẹrù. Ẹrù ló ń gbé agbára ọ́ìlì sókè, agbára yẹn ló sì ń wá ibi tí yóò gbà sá lọ.

Kí n tó tú họ́ọ̀sì, mo pa ẹ́ńjìnnì, a ti gbogbo lífà àti pẹ́dáálì síwá sẹ́yìn, mo dẹ ìdérí táńkì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Mo máa ń bínú gan-an sí ọmọ iṣẹ́ tó bá fọwọ́ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Agbára rẹ̀ ń ju 300 bar lọ. Ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lè ta á wọ inú ẹran ara, ojú egbò á kéré, ọwọ́ á sì máa kú lọ nínú bí wọn kò bá tètè gbé onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Páálí ni kí ẹ fi wá a.

Họ́ọ̀sì mẹ́rin ló ti main valve, ohun tó ń pín ọ́ìlì síbi tí lífà àti pẹ́dáálì bá ní kó lọ, wọ orí swivel, méjì fún ṣéènì kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọ̀dà sàmì sí wọn, mo wá gbé ti òsì sí ọ̀tún, ti ọ̀tún sí òsì. Mo kìlọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n pé pẹ́dáálì òsì ni yóò máa wa ṣéènì ọ̀tún báyìí. Bí àìsàn náà bá tẹ̀lé họ́ọ̀sì lọ sí ọ̀tún, a jẹ́ pé òkè ló wà. Kò lọ. Ṣéènì òsì náà ló tún kọ̀ láti gun bèbè. Ó wá ku swivel àti motor, èyí tí Alhaji ti san ìdajì owó òmíràn sílẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀.

Mo dá họ́ọ̀sì padà sáyè wọn, mo wá lọ bá àwọn tó ń ṣe họ́ọ̀sì lọ́nà Gbọ̀ngán, mo ra ìdérí onírin méjì tó bá ẹnu swivel mu. Wẹ́dà kan ní òun lè jó irin pọ̀ fún mi, mo ní rárá. Ohun tí wẹ́dà jó lè fò yọ lójú agbára yẹn kó sì pa ènìyàn. Lábẹ́ swivel, mo tú họ́ọ̀sì méjì tó lọ sí motor òsì, mo dí ẹnu méjèèjì pa. Lókè, mo tú họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń padà sí táńkì, mo dí ẹnu ọ̀nà táńkì, mo sì so ẹnu swivel mọ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 25.

Ẹ̀gbọ́n tẹ pẹ́dáálì òsì sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kérora, gééjì tí mo fi ń wọn agbára ọ́ìlì gòkè kọjá 300 bar, ọ́ìlì kán tó, tó sínú kẹ́ẹ̀gì.

"Ó yá, síwájú."

Ẹ́ńjìnnì kò kérora. Gééjì dúró ní 140. Ọ́ìlì sì tú sínú kẹ́ẹ̀gì ṣùà, ó gbóná, ó ń hó, kẹ́ẹ̀gì ń mì. Mo kígbe pé kí wọ́n fẹsẹ̀ sílẹ̀.

Alhaji tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ṣé motor náà kọ́ nìyẹn?"

"Motor kò sí lójú ọ̀nà, Alhaji. Ẹ wo irin tí mo fi dí i."

Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n mú fóònù, wọ́n sì rìn lọ sẹ́yìn katapílà. Ẹni tó fẹ́ ta motor náà dá owó padà, ó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Títú swivel sọ̀kalẹ̀ gba ọjọ́ kan àtààbọ̀. Àyè há, ẹrẹ̀ kún ibẹ̀, a sì kọ́kọ́ fi ìtì igi líle gbé abẹ́ katapílà ró, nítorí n kì í wọ abẹ́ ohun tí bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan gbé sókè. Nígbà tí mo fa irin àárín rẹ̀ yọ, síìlì kẹta ti já ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó rí wúruwùru bí etí aṣọ tó gbó. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára irin níbi tó jókòó sí. Mo fi èékánná wọ́ ọ kọjá. Kò há, nítorí náà sáńpépà 1000 àti ọ́ìlì tó o. Ká ní ó há ni, ó di kí a wá swivel mìíràn. Iyanrìn ló kọ àwọn ìlà yẹn. Nígbà tí mo tú fíltà, mo rí i nísàlẹ̀ rẹ̀, a sì pààrọ̀ fíltà àti ọ́ìlì.

Síìlì tuntun ti Èkó wá, ọmọ iṣẹ́ mi lọ gbà á ní Old Garage lọ́jọ́bọ̀. Àwọn tó jẹ́ ike máa ń le. Inú ọ́ìlì tó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ ni mo rẹ wọ́n sí títí wọ́n fi rọ̀, kí wọ́n má baà sán nígbà tí mo bá ń nà wọ́n wọlé. Lẹ́yìn tí a dè é padà, mo tún dí ẹnu rẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n. Síwájú àti sẹ́yìn di ọgbọọgba. A wá pààrọ̀ síìlì final drive, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn, pẹ̀lú ọ́ìlì gíà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gun bèbè náà ní aago kan ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń jó, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún gùn ún. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo padà lọ síbẹ̀, mo dẹ ìdérí gíà òsì. Ọ́ìlì tó jáde nípọn, ó fà lọ́wọ́ bí oyin, kò sí ọ́ìlì táńkì nínú rẹ̀, a jẹ́ pé síìlì kò tún fọ́.