Bí a ṣe ń fa ẹrù gun òkè láìjó ẹ́ńjìnnì dísù

Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó gbé písítìnì kẹta, ẹ̀yà tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, lé mi lọ́wọ́. Ihò kan wà lórí rẹ̀ tí kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ, etí ihò náà ti yọ́ wálẹ̀ bí àbẹ́là. Jẹnẹrétọ̀ onítáyà méjì ni mo so mọ́ ìdí ọkọ̀, mò ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Jíà kẹrin ni mo fi kọ lu òkè, mo sì tẹ iná mọ́lẹ̀. Gèéjì ooru omi ò kúrò láàárín títí agbára ọkọ̀ fi tán.

Gèéjì omi ò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Omi máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ṣùgbọ́n ooru èéfín tó ń jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnnì lè kọjá ààlà kí ẹ tó gun òkè dé ìdajì. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ iná ni dísù ń wọlé sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń yí jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹrù wúwo, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, ò ní rí atẹ́gùn fẹ́ tó. Èéfín dúdú á máa yọ, ooru á sì máa gun orí písítìnì. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ písítìnì, 660°C sì ni alumíníọ́mù ń yọ́. Ọ́ìlì tó ń ta sí i lábẹ́ ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ yọ ẹ́à kílínà wò, pàápàá nígbà ọyẹ́ tàbí tí ẹ bá ń gba ojú ọ̀nà elérùpẹ̀ pupa. Ẹ fọwọ́ kan àwọn rọ́bà tó gbé atẹ́gùn láti tọ́bò: èyí tó bá tutù fún ọ́ìlì tàbí tó ń súfèé ti ń jò. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni yí ìdè pọ́ọ̀mpù dísù láti fi dísù kún un. Agbára tí wọ́n ní ẹ ó rí, ooru ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín fi gèéjì ooru sàlẹ́ńsà sí i. Mánífóólù, irin tó ń kó èéfín jọ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, ni kí wọ́n ti gbẹ́ ihò rẹ̀, ṣáájú tọ́bò. Èyí tí wọ́n bá fi sẹ́yìn tọ́bò máa ń fi ooru hàn ní kékeré. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń fa ẹrù fi 700°C ṣe ààlà, èmi náà kì í kọjá ibẹ̀.

Òkè gan-an ló kù. Ẹ wo obìnrin tó ru àpò gààrì gun òkè: ìṣísẹ̀ kéékèèké ló ń gbé, ó sì ń gbé e kíákíá. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ́ nìyẹn. Kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè ni kí ẹ ti já jíà wálẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá ń kérora. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí dáadáa. Nǹkan bí ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan bá ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù mu, tírélà ńlá kéré sí i. Ọkọ̀ ọlọ́tọ̀mátíìkì, ẹ pa O/D (jíà eré tó ga jù), kí ẹ fi lẹ́fà sí 3 tàbí 2.

Ẹ máa wo dígí ẹ̀gbẹ́. Bí èéfín bá dúdú, tí ẹ sì rí i pé títẹ iná sí i ò fi eré kún eré, ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Dísù tí ẹ ń tẹ̀ yẹn ò gbé yín rìn mọ́, ó kàn ń jó ni. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn bá ń fọn fèrè, ẹ sún sí apá ọ̀tún, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá lápá òsì.

Tí ẹ bá dé ibi ìsinmi, bíi ibùdó tírélà ní Ògèrè, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, nítorí ọ́ìlì tó bá dúró sínú tọ́bò gbígbóná máa ń jó di èédú. Ẹ má da omi sí mánífóólù gbígbóná, ó máa ń là.

Jẹnẹrétọ̀ yẹn kan náà ni mo tún fà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Jíà kẹta ni mo fi gun òkè náà, gèéjì ooru sàlẹ́ńsà dúró ní 600°C, èéfín ò sì yọ.