Bí a ṣe ń yan driver tí ó bá ọ̀wọ́ iná LED mu

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ driver iná àjà, ìyẹn àpótí kékeré tí ó ń fún àwọn LED (hóró iná kéékèèké) ní iná, kì í béèrè ju wáàtì lọ lọ́wọ́ ọlọ́jà, bẹ́ẹ̀ wáàtì ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Kọ́rẹ́ǹtì ni irú driver yìí (kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ni mo wí) ń dì mú sójú kan. Fólítì ni ó ń gbé sókè sódò títí yóò fi tó èyí tí ọ̀wọ́ LED náà ń gbà.

Ẹ kọ́kọ́ ka iye LED tí wọ́n tò tẹ̀léra láti ẹnu pọ́sítíìfù dé ẹnu nẹ́gátíìfù. LED funfun kan sábà máa ń gba nǹkan bíi fólítì 3, nítorí náà 12 tí ó tò tẹ̀léra yóò gba 36. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó jọ wọ́n gẹ́lẹ́ lójú, tí ó jẹ́ pé méjì ni wọ́n tò sínú rẹ̀, tí ìyẹn sì ń gba fólítì 6.

Ẹ wá ka ara driver. Bí wọ́n bá kọ «DC 24–42V, 300mA» sí i (V ni fólítì, mA ni a fi ń wọn kọ́rẹ́ǹtì), 36 bọ́ sáàárín. Bí LED náà bá lè gba 350mA, 300mA kò ní pa á lára: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò dín díẹ̀, ooru rẹ̀ náà yóò sì dín. Èyí tí kò lè gba ju 150mA lọ ni yóò jóná.

Bí ọ̀wọ́ méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn yóò pín 300mA náà, ní nǹkan bíi 150mA lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo rẹ̀ ni yóò ya lu èkejì. Èmi kì í fẹ́ràn ètò bẹ́ẹ̀.

LED tí ó ti kú sábà máa ń ní àmì dúdú bí orí abẹ́rẹ́ láàárín àwọ̀ ìyeyè rẹ̀. Àwọn alátùn-únṣe a máa fi lẹ́ẹ̀dì (òjé tí wọ́n ń yọ́ fi jó wáyà pọ̀) so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan kò burú, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí márùn-ún nínú 12, fólítì 21 ló kù, driver yóò sì máa ṣẹ́jú.

Ẹ pa iná pátápátá kí ẹ tó so wáyà. Driver tí iná ti wà lára rẹ̀ láìsí LED lẹ́nu rẹ̀ ti kó fólítì tí ó ju 42 pamọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì tú sórí LED lójijì bí ẹ bá fi kàn án.